Nígbà Tí Áásìdì Bá Pàdé Sódà

Ọ̀rọ̀ kẹ́mísírì ni mo gbé wá lọ́sẹ̀ yìí. Ẹ má ṣe bi mí pé kí ló kan ládàánì. Ìwé mẹ́fà péré ni mo kà lẹ́yìn ilé kéwú, ṣùgbọ́n ọmọ mi obìnrin wà ní sẹ́kọ́ńdìrì. Ohun tí ó bá kọ́ ni ó ń wá rò fún mi, n kì í sì í jẹ́ kí ó lọ títí yóò fi yé mi.

Gbogbo wa ló mọ áásìdì inú bátìrì mọ́tò, tí ó máa ń jẹ aṣọ lára ẹni. Sódà tí àwọn tó ń ṣe ọṣẹ ń lò náà kì í ṣe ohun tí à ń fọwọ́ kàn lásán. Ìbátan rẹ̀ ni omi eérú tí àwọn ìyá wa fi ń se ọṣẹ dúdú. Èkíní le, èkejì le. Ṣùgbọ́n bí a bá da omi àwọn méjèèjì pọ̀ ní ìwọ̀n tí ó bára mu, ọ̀kan á pa agbára èkejì. Bí ó bá jẹ́ hydrochloric acid ti ilé ìwé ni, omi àti iyọ̀ ọbẹ̀ gan-an ni yóò kù. (Kí ẹnikẹ́ni má tọ́ ọ wò o!)

Bí wọ́n ti ń pa agbára ara wọn ni ooru ń jáde, ooru yìí ni wọ́n sì ní kí àwọn ọmọ wọ̀n. Wọn á da mílílítà 25 áásìdì sínú ife fóòmù, wọn á ti tẹ̀mómítà bọ̀ ọ́, wọn á kọ iye tí wọ́n rí. Wọn á wọn ti sódà náà, wọn á wá da mílílítà 25 rẹ̀ sí i, wọn á rò ó pọ̀. Bí agbára méjèèjì bá jẹ́ mólì 1 nínú lítà 1, tí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ láti díígírì 28, ìṣirò sọ pé yóò fi nǹkan bí 6.8 gòkè, ìyẹn 34.8.

Ọmọ mi rí 33.5, ó sì kọ 33.5. Ẹni tí ó jókòó tì í kò rí tó 34, ṣùgbọ́n ó wo ìwé, ó kọ 34.8. Òun ni wọ́n fún ní máàkì. Wọ́n ní kí tèmi lọ tún tirẹ̀ ṣe. Ọ̀rọ̀ yìí dùn mí. Bí mo bá ń wọn òjìji láti mọ àkókò Alásàrí, ibi tí òjìji dé ni mò ń wò, kì í ṣe ibi tí ó wù mí kí ó dé. Mo ní kí ó má pa á rẹ́.

Níbo wá ni ìyókù lọ? Ife gbà nínú ooru náà, tẹ̀mómítà gbà, afẹ́fẹ́ gbà. Ọmọ tí ó bá ń da sódà ní díẹ̀díẹ̀ á pàdánù jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àtúnṣe wà: kí wọ́n fi ìdérí bo ife, kí wọ́n da sódà lẹ́ẹ̀kan náà, kí wọ́n máa ka tẹ̀mómítà ní ààbọ̀ ìṣẹ́jú sí ara wọn, kí wọ́n sì ya á sórí ìwé gíráàfù. Bí omi ti ń tutù, ìlà á máa sọ̀kalẹ̀. Kí wọ́n fa ìlà náà padà sẹ́yìn dé ìṣẹ́jú tí wọ́n da méjèèjì pọ̀. Iye tí ó bá wà níbẹ̀ ló súnmọ́ òtítọ́ jù. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò kọ ohun tí ó rí, ìlà wo ni yóò fà?

Ọ̀pọ̀ ọmọ tún rò pé bí àwọn bá lo mílílítà 50 àti 50, ìgbóná á di ìlọ́po méjì. Rárá o. Ooru pọ̀ sí i lóòótọ́, ṣùgbọ́n omi tí yóò gbóná náà pọ̀ sí i; 6.8 náà ni. Bí wọ́n bá dín agbára méjèèjì kù sí ìdajì ni yóò di 3.4. Bí wọ́n sì fi nitric acid rọ́pò ti àkọ́kọ́, kò ní í fẹ́rẹ̀ẹ́ yàtọ̀, nítorí omi tí ó ń dá sílẹ̀ ló ń mú ooru wá, bíi kílójúùlù 57 fún mólì omi kan. Irú ooru báyìí ni Germain Hess, tí wọ́n bí ní Geneva ní 1802, ń wọ̀n ní ilẹ̀ Rọ́ṣíà títí ó fi gbé òfin rẹ̀ jáde ní 1840.

Ọmọ mi tún tirẹ̀ ṣe, ó fi ìdérí bo ife, ó ya gíráàfù. Nígbà tí ó fa ìlà padà, ó bọ́ sí 34.5. Méjèèjì ló wà nínú ìwé rẹ̀ báyìí, 33.5 lókè, 34.5 nísàlẹ̀, tíṣà sì ti fọwọ́ sí i.