Olè Inú Bátìrì

Ráútà tí kì í jẹ iná púpọ̀ la kọ́kọ́ ń wá. Kò sí òpó iná lábúlé wa lẹ́yìn Ìṣẹ́yìn. Bátìrì kan ṣoṣo ló ń gbé íntánẹ́ẹ̀tì iṣẹ́ wa àti fáànù màmá, tí ooru kì í jẹ́ kí wọ́n mí dáadáa.

A rí ráútà kékeré tó ń jẹ wáàtì 5. Ó dáa, àbí? Àmọ́ àwo Starlink ńlá ń jẹ 75 sí 100: òun gan-an lolè. Mini ní tiẹ̀ ń jẹ 25 sí 40, ráútà ti wà nínú ẹ̀, kò sì nílò ìńfátà (òun náà ń jẹ iná). Bátìrì 12V, 100Ah, jẹ́ wáàtì-wákàtí 1,200. Tí Mini bá ń jẹ 30, ó di 720 lóòjọ́. Fáànù àti kọ̀ǹpútà ló ń pín ìyókù.

Wáyà la ṣì ń bá jà: tó bá gùn tó sì tín-ín-rín, iná á rẹ̀ lójú ọ̀nà, Mini á kú.