Kí ló yí padà ní Ìránì?

Ẹni tó bá ní àwọn aṣáájú Mùsùlùmí ò fẹ́ rí ìfètòsọ́mọbíbí sójú, kó wo Ìránì. Lọ́dún 1989, ìjọba àwọn aáfà fúnra wọn ló gbé ètò náà dìde, lẹ́yìn tí Ayatollah Khomeini, olórí wọn nígbà náà, ti ní kò léèwọ̀. Lọ́fẹ̀ẹ́ ni wọ́n ń pín oògùn àti kọ́ńdọ̀mù títí dé ilé ìlera abúlé. Nígbà yẹn, àwọn tó fẹ́ ṣègbéyàwó gan-an gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba ẹ̀kọ́ rẹ̀. Obìnrin tí ì bá bí bíi mẹ́fà wá ń bí bíi méjì nígbà tó máa fi di ọdún 2000.

Ó di 2012, Ayatollah Khamenei tó gba ipò lẹ́yìn Khomeini ní àṣìṣe ni bí ètò ọ̀hún ṣe pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Òfin 2021 sì dáwọ́ pípín lọ́fẹ̀ẹ́ dúró.

Kùránì kan náà ni wọ́n ń kà nígbà méjèèjì o! Hádíìsì Jabir tó wà nínú ìwé Bukhari àti Muslim, pé àwọn Sàhábà, ìyẹn àwọn alábàákẹ́gbẹ́ Ànábì, ń da àtọ̀ síta kí ìyàwó má baà lóyún, wà níbẹ̀ síbẹ̀. Iye èèyàn tí ìjọba ń wá ló yàtọ̀. Tí aáfà àdúgbò yín bá wá ní ẹ̀sìn kọ ìfètòsọ́mọbíbí, ẹ fi sùúrù bi wọ́n: ẹ̀rí wo ni?