Olójú Jínjìn Ìlú Kàdúná

Ojú tó ń rí ọ̀la kò wọ́n ní Kàdúná. Láti ìgbà tí ìjà Kristẹni àti Mùsùlùmí ní Kafanchan ti ràn dé ìgboro lọ́dún 1987, tí ti Zangon Kataf sì tẹ̀ lé e ní 1992, pásítọ̀ wo ni kò mọ̀ pé òmíràn ń bọ̀? Òkèèrè ni olójú jínjìn ti ń mẹ́kún sun, wọ́n sì sun ún. Ohun tí kálukú ṣe lẹ́yìn ẹkún ni mo fẹ́ sọ.

Àwọn kan gbà pé kí ojú má ríbi, ẹsẹ̀ loògùn ẹ̀. Lẹ́yìn ìjà Ṣàríà ọdún 2000, tó gba ẹ̀mí tó lé ní ẹgbẹ̀rún, ọ̀pọ̀ Kristẹni ta ilé wọn ní Tudun Wada, wọ́n sọdá odò sí Sabon Tasha. Ọ̀pọ̀ Mùsùlùmí náà kó lọ sí ìhà àríwá. N ò bá wọn wí. Ẹni iná jó nílé rẹ̀ ló mọ bó ṣe gbóná tó. Àmọ́ aṣáájú ìjọ tó rò pé ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀ kò wo iwájú jìnnà. Ọmọ tí kò bá ọmọ onímàle ṣeré rí, àhesọ ni yóò fi mọ̀ ọ́n.

Pásítọ̀ James Wuye náà ríran. Ó rí ogun, ó sì kó àwọn ọ̀dọ́ Kristẹni jọ dè é. Nínú ìjà 1992 ni wọ́n gé ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀. Ọwọ́ àtọwọ́dá ló ń lò. Nínú làásìgbò yẹn kan náà ni Imam Muhammad Ashafa ti pàdánù olùkọ́ rẹ̀ àti ìbátan rẹ̀ méjì. Ẹ̀san ni kálukú ń rò sí ẹnì kejì, títí oníròyìn kan fi mú wọn mọ ara wọn ní 1995. Nígbà tí ìyá Wuye ń ṣàìsàn, Ashafa lọ kí i ní ọsibítù. Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti dá Interfaith Mediation Centre, àjọ tó ń parí ìjà ẹ̀sìn, sílẹ̀. Ojú Wuye kò yí padà o. Ogun tó rí tẹ́lẹ̀ ló ṣì ń rí. Iṣẹ́ ló pààrọ̀: ó ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ bí wọ́n ṣe ń gbọ́ fìn-ín ìjà, tí wọ́n á sì tètè ta àwọn àgbà lólobó.

Àlùfáà mìíràn tó wo iwájú, Josiah Idowu-Fearon, ti kàwé nípa ẹ̀sìn Ìsìláàmù ní Birmingham kí ó tó di bíṣọ́ọ̀bù Sokoto ní 1990. Nígbà tó dé Kàdúná ní 1998, ó ku ọdún méjì kí ìlú gbiná. Ta ló ń rán àlùfáà lọ kọ́ irú ẹ̀kọ́ yẹn nígbà tí ìlú bá rọgbọ? Àwọn ìjọ wa fẹ́ràn àsọtẹ́lẹ̀ òru ọdún tuntun jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Síbẹ̀, kí n má purọ́. Ní ọjọ́ 22 oṣù Kẹjọ ọdún 2002, àwọn aṣáájú ẹ̀sìn méjèèjì fọwọ́ sí ìwé àdéhùn àlàáfíà Kàdúná. Kò pé oṣù mẹ́ta tí ìjà lórí ìdíje ẹwà Miss World fi bẹ́ sílẹ̀, èèyàn tó lé ní igba sì kú. Àwọn kan ní asán ni ìwé náà. Mi ò lè bá wọn jiyàn tó bẹ́ẹ̀. Wuye àti Ashafa kò tìtorí ẹ̀ jáwọ́. Nígbà tí Yelwa dàrú ní ìpínlẹ̀ Plateau ní 2004, àwọn méjèèjì ló lọ síbẹ̀ láti mú Kristẹni àti Mùsùlùmí jókòó pọ̀.