Ta Ni Yóò San Owó Àyè Tó Ṣófo?

Ọkọ̀ Ìkẹ́nnẹ́ sí Ṣágámù kì í wo aago kó tó gbéra. Bó bá kún, àkókò tó nìyẹn. Ní ìdájí kò le: olùkọ́, nọ́ọ̀sì, ọlọ́jà, akẹ́kọ̀ọ́, kéèyàn tó wí, ó ti kún. Ọ̀sán ló ń nira. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ìyá kan jókòó sẹ́yìn pẹ̀lú ọmọ tí ara rẹ̀ gbóná, ó ń gbé e lọ sí ọsibítù ńlá Yunifásítì Ọlábísí Ọnàbánjọ ní Ṣágámù. Agbèrò ń pariwo: "Ṣágámù, ó ku ẹni méjì! Ẹ wọlé pẹ̀lú ṣénjì yín o!" Ẹni méjì ò yọjú. Ìyá náà ń fi etí ìró nu ojú ọmọ, ó ń wo ẹnu ọ̀nà gáréèjì. Nígbà tó ṣe, bàbá tó wà níwájú kiwọ́ bàpò: "Dẹ́rẹ́bà, gba owó àyè kan lọ́wọ́ mi. Ọmọ yìí ò gbádùn." Obìnrin ẹlẹ́pà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi san ti ìkejì. Ọkọ̀ ṣí. Ìyá ọmọ ò yéé wí pé, "Ẹ ṣé o, bàbá mi. Ẹ ṣé, màmá. Ọlọ́run á bá yín wo tiyín."

*

Réluwé tó dé Ìbàdàn ní 1901, Abẹ́òkúta ló gbà kọjá. Kò ya Rẹ́mọ, ilẹ̀ wa tí Ìkẹ́nnẹ́ àti Ṣágámù wà. Lọ́rì ló wá kó kókó àti obì wa, bọ́lẹ́kájà onípákó ló gbé àwọn ìyá wa lọ sọ́jà. Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, ọmọ Ìkẹ́nnẹ́, mọ iṣẹ́ náà tinú-tẹ̀yìn. Kó tó lọ kọ́ òfin ní London ní 1944, ó ti fi ọkọ̀ ṣòwò, ó sì ti ṣe akọ̀wé ẹgbẹ́ àwọn ọlọ́kọ̀, Nigerian Motor Transport Union, láyé ìgbà tí ìjọba òyìnbó ń fi owó láísẹ́ǹsì ni lọ́rì lára kó má baà gba ẹrù mọ́ réluwé lọ́wọ́. Apá yìí nínú ìtàn rẹ̀, a kì í sọ ọ́ tó.

*

Ní 1978 ni wọ́n ṣí títì márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn. Ṣágámù ni ọ̀nà Ọ̀rẹ̀ àti Benin ti yà lára rẹ̀. Tọ̀sán-tòru ni ọkọ̀ ọ̀nà jíjìn ń kọjá lára wa. Ṣùgbọ́n ẹ dúró ní Ìsarà, ní Rẹ́mọ yìí kan náà, nígbà tí alẹ́ bá ti lẹ́, kẹ́ ẹ ní Ṣágámù lẹ̀ ń lọ. Ọ̀kadà ni, tàbí kẹ́ ẹ sanwó odidi ọkọ̀.

*

Àwọn ará wa ní Peckham, ní London, tó ń lọ gbá ọ́fíìsì kí ilẹ̀ tó mọ́ mọ bọ́ọ̀sì òru dáadáa: bó bá ku ẹnì kan ṣoṣo nínú rẹ̀, á gbéra. Kì í ṣe pé awakọ̀ ibẹ̀ láàánú ju tiwa lọ. Owó ìlú wà lára ohun tó ń san àyè tó ṣófo níbẹ̀. Níhìn-ín, ọrùn dẹ́rẹ́bà ló wà, òun tó fẹ́ ra epo, tó fẹ́ san owó ẹgbẹ́, tó sì gbọ́dọ̀ kówó fún ọlọ́kọ̀ lálẹ́. N kò lè bínú sí i.

*

Láti oṣù karùn-ún 2023 tí ìrànwọ́ owó epo ti dópin, owó ọkọ̀ ti fò sókè. Ìjọba Ògùn gbé bọ́ọ̀sì tó ń lo gáàsì jáde lọ́dún náà, ó dára. Gómìnà Dàpọ̀ Abíọ́dún fúnra rẹ̀, ọmọ Ìpẹru ní Rẹ́mọ ni. Ohun tí mo ń bẹ̀ kò pọ̀: bọ́ọ̀sì kan láti Ìsarà, kó gba Òde Rẹ́mọ, Ìpẹru, Ìlíṣàn àti Ìkẹ́nnẹ́ dé ẹnu ọ̀nà ọsibítù Ṣágámù, ní aago méjì ọ̀sán àti aago mẹ́sàn-án alẹ́, ó kún o, kò kún o, kí owó rẹ̀ sì wà nínú ètò ìṣúná ìpínlẹ̀ lọ́dọọdún.