Màámi, ẹ gba ààwẹ̀ yín, ẹ lo oògùn yín

Peckham, Lọ́ńdọ̀nù,
Oṣù Èrèlè, 2025.

Màámi ọ̀wọ́n,

Ṣé aṣọ ń tà ní Ṣàpọ́n, l'Abẹ́òkúta, báyìí tí ọdún ti lọ, tí owó sì wọ́n lọ́wọ́ àwọn èèyàn? Òtútù pọ̀ níbí, ṣùgbọ́n Olúwa ń ṣọ́ wa, iṣẹ́ ń lọ, àwọn ọmọ-ọmọ yín ń lọ sílé ẹ̀kọ́.

Ọ̀rọ̀ kan ló jẹ́ kí n jókòó kọ lẹ́tà dípò kí n pè yín. Lórí fóònù, bí mo bá ti dá a sílẹ̀, ẹ ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbàdúrà fún mi, ọ̀rọ̀ á sì parí síbẹ̀. Àbúrò mi sọ fún mi pé láti ìgbà tí ààwẹ̀ ìbẹ̀rẹ̀ ọdún ti bẹ̀rẹ̀ lẹ ti pa oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru yín tì, pé ààwẹ̀ parí, ẹ ò padà sídìí rẹ̀. Ó ní ẹnì kan nílé àdúrà ló sọ pé ẹni tó bá gba Ọlọ́run gbọ́ kì í gbọ́kàn lé oògùn. Ó ní nígbà tí òun bá yín sọ ọ́, ẹ dá òun lóhùn pé Aládùúrà ni bàbá yín títí wọ́n fi kú, pé oògùn ò kan ẹnu wọn rí, omi àdúrà ni wọ́n ń mu.

Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ tèmi. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi ní àdúrà, mi ò lè kọ́ yín ní Ọlọ́run. Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ kí ẹ bá mi gbà: títọ́jú ara wà lára ìsìn. Ẹni tó ń gbàdúrà tó sì ń lo oògùn, Ọlọ́run kan náà ló ń sìn lọ́nà méjèèjì.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ bàbá yín, nítorí mi ò ní bu ìgbàgbọ́ wọn kù láé. Ní 1918, nígbà tí àrùn lùkúlùkú jà kárí ayé tó sì dé ilẹ̀ wa, kò sí ẹni tó ní oògùn rẹ̀. Dókítà òyìnbó ò ní, adáhunṣe ò ní. Ìgbà yẹn ni àwọn ọmọ ìjọ Áńgílíkà kan ní Ìjẹ̀bú-Òde, tí J. B. Shadare jẹ́ àgbà láàárín wọn, kóra jọ tí wọ́n ń ké pe Ọlọ́run. Àdúrà lọ́wọ́ wọn tó, àdúrà náà ni wọ́n sì dì mú. Lẹ́yìn náà ni wọ́n dara pọ̀ mọ́ ìjọ Faith Tabernacle ti Philadelphia ní Amẹ́ríkà, tí kò fọwọ́ sí oògùn rárá. Nígbà tí ìsọjí Joseph Ayọ̀ Babalọlá fi bẹ́ sílẹ̀ ní Iléṣà ní 1930, ẹ̀kọ́ yìí ti ta gbòǹgbò. Nígbà tí àwọn míṣọ́nnárì Apostolic Church wá láti ìlú ọba, tí wọ́n sì ń lo kìníìnì kí ibà má baà pa wọ́n, ìjà dé láàárín wọn àti àwọn tó di ẹ̀kọ́ náà mú. Ọ̀rọ̀ kìníìnì yẹn wà lára ohun tó pín wọn níyà, tí apá kan fi di Christ Apostolic Church (CAC) tí gbogbo wa mọ̀.

Inú àwọn èèyàn yẹn ni Bàbá ti jáde. Oògùn tí wọ́n ń sá fún nígbà náà, ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ ló ń bá ẹbọ àti ọfọ̀ rìn, ẹni tó bá sì ti fi òrìṣà sílẹ̀ kò ní fẹ́ gba ojú fèrèsé padà wọlé ọ̀hún. Màámi, kò sí ẹbọ nínú hóró oògùn tí dókítà kọ fún yín ní Ilé Ìwòsàn Ìjọba ní Ìjàyè. Ẹ tún rántí pé ẹsẹ̀ ni Bàbá fi ń rìn lọ sóko tí wọ́n fi ń rìn bọ̀. Láfún oko wọn ni wọ́n ń jẹ, Magí ò wọ ọbẹ̀ wọn. Àwa ń jókòó ti aṣọ láti àárọ̀ dalẹ́, a wá ń fi ara wa wé tiwọn.

Ní Ẹ̀gbá tiwa, Ìhìn Rere àti ìtọ́jú ara kò já ara wọn sílẹ̀. Ní 1895, Fadá Jean-Marie Coquard, ará Faransé, dá ilé ìwòsàn Sacred Heart sílẹ̀ ní Lántòrò, ọ̀pọ̀ èèyàn sì kà á sí ilé ìwòsàn àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà. Ọwọ́ tó ń gbé ara Olúwa sókè lórí pẹpẹ, òun ló tún ń di ojú ọgbẹ́. Ẹ wo ìdílé Ransome-Kuti náà. Àlùfáà J. J. Ransome-Kuti, tí a ṣì ń kọ àwọn orin rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì, wá sí Lọ́ńdọ̀nù níbí ní 1922 láti gba orin ìyìn sínú àwo. Ọmọ-ọmọ rẹ̀ ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Olikoye Ransome-Kuti, dókítà àwọn ọmọdé, tó ṣe mínísítà ìlera láti 1985 sí 1992. Òun ló gbé ìtọ́jú dé ẹsẹ̀ ilé mẹ̀kúnnù, tó ń polongo abẹ́rẹ́ àjẹsára àti omi oníyọ̀ àti ṣúgà fún ọmọ tó bá ń yàgbẹ́ gbuuru. Bàbá àgbà fi orin sin Ọlọ́run, ọmọ-ọmọ fi ìlera sin ènìyàn, ilé kan náà ni.

Ẹ mọ̀ pé iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni mo ń ṣe. Ìyá Yorùbá kan wà ní wọ́ọ̀dù wa láìpẹ́ yìí, ọjọ́ orí wọn ò jìnnà sí tiyín. Rọpárọsẹ̀ ló kọlù wọ́n. Mo ń fún wọn ní ọ̀gì láàárọ̀, mo fi ṣíbí sí wọn lọ́wọ́ ọ̀tún, ọwọ́ ò dì í mú. Mo fi bọ́ wọn lẹ́nu, ó ń ṣàn jáde ní ẹ̀gbẹ́ kan ẹnu, torí pé ẹnu ti wọ́ sápá òsì. Wọ́n ní àwọn fẹ́ kọrin. Ohùn jáde, ó dùn, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ inú orin ò dá ṣáká mọ́. Ọmọ wọn tó dúró ti ibùsùn sọ fún mi pé ọmọ ẹgbẹ́ kwáyà ni ìyá òun láti kékeré, pé wọ́n fi oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru sílẹ̀ nítorí pé nǹkan kan ò dùn wọ́n. Ìgbàgbọ́ wọn ò yẹ̀, Màámi. Ara tí wọ́n fi ń sin Ọlọ́run ló dá wọn dúró.

Bí ẹ̀jẹ̀ ríru ṣe rí nìyẹn. Kì í pariwo. Orí lè má fọ́, ojú lè má ṣú, kí ẹ̀jẹ̀ sì máa fi agbára ti ògiri iṣan lójoojúmọ́, kó máa ba kíndìnrín, ojú, ọkàn àti ọpọlọ jẹ́ díẹ̀díẹ̀. Bí ẹ̀rọ bá ń kà á sí 140 lórí 90 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ní ìgbà tí ó ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, ó ti ga nìyẹn. Oògùn rẹ̀ kò dà bí oògùn ibà tí èèyàn ń lò tán. Bí agbòjò ló rí: ìgbà tó bá wà lórí ẹni ló ń gba òjò dúró.

Ẹ wo Hesekáyà ọba nínú Ìwé Àwọn Ọba Kejì. Ó ṣàìsàn dé ojú ikú, ó sunkún, ó gbàdúrà. Ọlọ́run gbọ́, ó sì fi ọdún 15 kún ọjọ́ rẹ̀. Lẹ́yìn tí ìlérí náà ti jáde ni Aísáyà wòlíì ní kí wọ́n mú ọ̀pọ̀tọ́ wá, kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú eéwo. Wòlíì tó gbọ́ ohùn Ọlọ́run ló pàṣẹ oògùn. Pọ́ọ̀lù náà, tí aṣọ ara rẹ̀ ń wo aláìsàn sàn, kọ ohun tí Tímótíù máa lò fún inú rírun rẹ̀ ránṣẹ́ sí i, dókítà sì ni Lúùkù tó ń bá a rìn. Bí ẹnikẹ́ni bá tún sọ fún yín pé oògùn lòdì sí ìgbàgbọ́, ẹ ka ibẹ̀ fún un.

Ohun tí mo ń bẹ̀ yín pé kí ẹ ṣe nìyí. Ẹ kọ́kọ́ padà lọ rí dókítà ní Ìjàyè kí wọ́n wọn ẹ̀jẹ̀ yín. Ẹ sọ òtítọ́ fún wọn pé ẹ ti fi oògùn sílẹ̀, kí wọ́n sọ iye tí ẹ máa fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ má lo ti ẹlòmíì, ẹ má sì fi èyí tó ti pẹ́ nílé dán an wò.

Ní ti ààwẹ̀, mi ò ní kí ẹ má gbà á. Ẹ béèrè lọ́wọ́ dókítà bóyá ẹ lè máa lo oògùn yín ní àsìkò ìṣínu tàbí ní òwúrọ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́. Ẹ má gba ààwẹ̀ aláìmumi. Bí wọ́n bá ní ara yín ò gbà á, ẹ gba ti Dáníẹ́lì, ẹ̀fọ́ àti omi, Ọlọ́run gbọ́ tirẹ̀ náà. Àwọn ọ̀rẹ́ yín tó ní àtọ̀gbẹ gbọ́dọ̀ ṣọ́ra jù yín lọ, torí ṣúgà ara wọn lè já wálẹ̀ lójijì.

Ní ti oúnjẹ, àjọ ìlera àgbáyé ní iyọ̀ tí àgbàlagbà ń jẹ lójúmọ́ kò gbọdọ̀ tó gíráàmù 5, ìyẹn kò kún ṣíbí tíì kan, iyọ̀ inú Magí àti búrẹ́dì sì wà nínú rẹ̀. Irú tí kò níyọ̀, ata àti ẹ̀fínrín lè mú ọbẹ̀ dùn. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀fọ́ pọ̀, kí láfún kéré.

Ní ti ìrìn, Pọ́ọ̀lù sọ pé èrè díẹ̀ ló wà nínú eré ìdárayá, pé ìwà-bí-Ọlọ́run lérè jù. Òótọ́ ni, èrè díẹ̀ náà sì jẹ́ èrè. Ó kéré tán, ìṣẹ́jú 150 lọ́sẹ̀ ni àjọ ìlera àgbáyé ní ká fi rìn kíákíá. Láti Ṣàpọ́n sí Aké kò jìnnà. Ẹ fẹsẹ̀ rìn ín láàárọ̀ kí ọkọ̀ tó dí ojú ọ̀nà, kí ẹ máa gbàdúrà bí ẹ ti ń rìn. Bí ẹ bá ti ìṣọ́ òru dé, ẹ sùn, kí Àbúrò mi ṣí ìsọ̀. Ọlọ́run tó fún Èlíjà lóúnjẹ ní aginjù jẹ́ kó sùn tẹ́rùn ná kó tó rán an níṣẹ́.

Ìgbàgbọ́ pàápàá lè fún ìlera lágbára. Ìwádìí tí wọ́n ṣe lórí àwọn Adventist ní California, ìjọ kan náà pẹ̀lú àwọn tó ni Yunifásítì Babcock ní Ìlíṣàn, fi hàn ní 2001 pé àwọn ọkùnrin wọn ń fi bí ọdún 7 pẹ́ láyé ju àwọn ẹlòmíì lọ níbẹ̀, àwọn obìnrin wọn bí ọdún 4. Wọn ò mu sìgá, ẹ̀fọ́ àti èso pọ̀ lóúnjẹ wọn, wọ́n sì ń sinmi ní Ọjọ́ Ìsinmi. Ní Enugu ńkọ́? Àwọn olùṣèwádìí lo ṣọ́ọ̀ṣì 40 níbẹ̀. Ní ìdajì wọn, wọ́n ń ṣe àpèjẹ fún àwọn aláboyún nínú ìjọ, wọ́n sì ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò níbẹ̀. Nígbà tí àbájáde jáde ní 2015, ìdá 92 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn aláboyún wọ̀nyí ló ti ṣe àyẹ̀wò kòkòrò HIV. Ní àwọn ṣọ́ọ̀ṣì yòókù, ìdá 55 ni. Ibi tí wọ́n fọkàn tán ni àyẹ̀wò ti bá wọn.

Ẹ̀yin ni Ìyá Ẹgbẹ́, Màámi. Bí ẹ bá ní kí wọ́n gbé tábìlì kan sẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Àìkú àkọ́kọ́ oṣù, kí nọ́ọ̀sì tó wà nínú ìjọ máa wọn ẹ̀jẹ̀ ríru fún ẹni tó bá fẹ́, kò sí ẹni tí yóò jà yín níyàn. Mo ti ra ẹ̀rọ méjì, ọ̀kan fún ilé, ọ̀kan fún ìjọ. Màá fi rán ẹni tó ń bọ̀ nílé. Ẹ má ronú owó oògùn rárá, èmi ni màá máa san án.

Ẹ jẹ́ kí Àbúrò mi bá yín lọ sí Ìjàyè ní ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀, kí ó fi iye tí ẹ̀rọ bá kà ránṣẹ́ sí mi. Kí Olúwa fún yín ní ẹ̀mí gígùn àti ara líle, kí ẹ lè máa fi méjèèjì sìn ín.

Èmi ni ọmọ yín ní tòótọ́,
Àbẹ̀kẹ́.