Ẹni Tí Yóò Jẹun Ni À Ń Kọ Àkọlé Oúnjẹ Fún

Ní oṣù Keje ọdún 2016, ọmọdébìnrin ọmọ ọdún 15 kan, Natasha Ednan-Laperouse, ra búrẹ́dì tí wọ́n fi nǹkan há láàrin ní pápákọ̀ òfurufú Heathrow ní Lọ́ńdọ̀nù, kí ó tó wọ bàálù lọ sí ìlú Nice ní ilẹ̀ Faransé. Yànmọ̀tí jẹ́ ohun tí ara rẹ̀ kò gbà rárá. Nítorí náà ni wọ́n ṣe yẹ ara ọ̀rá búrẹ́dì náà wò dáadáa. Wọn kò rí orúkọ yànmọ̀tí níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ó wà nínú ìyẹ̀fun tí wọ́n pò kí wọ́n tó yan án. Abẹ́rẹ́ méjì tí bàbá rẹ̀ fún un nínú bàálù kò ràn án. Ọjọ́ náà gan-an ni ó kú.

Ohun tó dunni jù ni pé òfin ìgbà náà fi àyè sílẹ̀. Oúnjẹ tí ilé-iṣẹ́ dì ránṣẹ́ gbọ́dọ̀ ní àkọlé kíkún, ṣùgbọ́n èyí tí olùtajà dì nínú ṣọ́ọ̀bù ara rẹ̀ lè wà láìní i. Ikú tó ń pa ojúgbà ẹni, òwe ló ń pa fún ni. Àwọn òbí ọmọ náà kò dákẹ́, títí Òfin Natasha fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹwàá ọdún 2021. Láti ìgbà náà, ọmọ Yorùbá tó ń di mọ́ínmọ́ín sínú ike ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù gbọ́dọ̀ kọ gbogbo èròjà rẹ̀ sí i lára. Ẹja, edé àti ẹyin inú rẹ̀ wà lára ohun 14 tí òfin ní kí ó hàn ketekete.

Ní Amẹ́ríkà, òfin ọdún 2021 sọ yànmọ̀tí di ohun kẹsàn-án tí kíkọ rẹ̀ di dandan láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023. Ó ṣòro láti fọ ẹ̀rọ títí tí yànmọ̀tí kankan kò fi ní kù níbẹ̀. Ni àwọn aṣebúrẹ́dì kan bá mọ̀ọ́mọ̀ fi yànmọ̀tí sínú búrẹ́dì tí kò ní i tẹ́lẹ̀, wọ́n sì kọ ọ́ síta. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Àkọlé náà kò parọ́, ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n ṣe òfin fún kò rí búrẹ́dì náà jẹ mọ́.

Orílẹ̀-èdè Chile ronú kan ẹni tó ń jẹun. Láti ọdún 2016, àmì dúdú onígun mẹ́jọ ló ń fi oúnjẹ tí ṣúgà, iyọ̀ tàbí ọ̀rá rẹ̀ pọ̀ jù hàn. Ọmọ tí kò tíì lè ka lẹ́tà kéékèèké yóò dá a mọ̀.

Ní Nàìjíríà, àjọ NAFDAC ń béèrè orúkọ oúnjẹ, èròjà rẹ̀, ẹni tó ṣe é, ọjọ́ tí yóò bàjẹ́ àti nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni òfin ní kí wọ́n fi kọ ọ́. Kí ni ìyá tí Yorùbá nìkan ló lè kà, tí ara ọmọ rẹ̀ kò sì gba ẹ̀pà, yóò rí kà lára páálí bísíkíìtì? Orílẹ̀-èdè Kánádà ń fi Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé kọ tiwọn. Ìlà kan péré ní èdè tí àwọn aráàlú gbọ́, tó ń dárúkọ ohun tó lè pani, kò pọ̀ jù fún páálí kankan.