Bàbá Kékeré àti Oríkì Onírúurú Ènìyàn

Ẹni tó bá ti Òṣogbo ń lọ sí Ọ̀fà yóò kan Ìkìrun, Ìnísà àti Òkukù lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ìlẹ̀kẹ̀ tí a sín sórí okùn kan. Ìkìrun fẹ̀yìn ti òkè olókùúta. Ojú irin tó ti Èkó lọ sí Kano gba agbègbè náà kọjá. Odò Ọ̀tìn tó ń ṣàn níbẹ̀ ni wọ́n fi sọ ìjọba ìbílẹ̀ Odò-Ọ̀tìn lórúkọ, Òkukù sì ni ibùjókòó rẹ̀. Arìnrìn-àjò mìíràn lè sùn kọjá ìlú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta nínú ọkọ̀. Èmi kì í sùn níbẹ̀, nítorí pé láàárín wọn ni àbúrò bàbá mi, tí gbogbo ẹbí ń pè ní Bàbá Kékeré, ti lo ọjọ́ ayé rẹ̀.

Télọ̀ ni. Òkukù ni wọ́n bí i sí, Ìkìrun ló ti kọ́ṣẹ́, Ìnísà ló ṣí ṣọ́ọ̀bù sí. Kí ó tó fa téèpù yọ láti wọn ènìyàn, yóò kọ́kọ́ béèrè oríkì rẹ̀. Bí o bá ti jẹ́ Àkànní tàbí Àṣàkẹ́, yóò tún béèrè orílẹ̀ bàbá rẹ, yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í kì ọ́ títí orí rẹ yóò fi wú. Ọmọ ilé-ìwé tó mú ṣòkòtò tó ya wá, ohùn tó fi ń kí olóyè ló fi ń kí i. Kò sí ẹni tó kúrò níwájú máṣínnì rẹ̀ tí kò rò pé òun gan-an ni bàbá náà ti ń retí láti òwúrọ̀.

Ìwà yìí kò ṣàjèjì sí ilẹ̀ náà. Ní ọdún 1878, ogun tí a ń pè ní Jálumi jà ní Ìkìrun. Àwọn ará Ìbàdàn ṣẹ́gun, ọ̀pọ̀ àwọn tó ń sá sì kó sínú odò Ọ̀tìn, ibẹ̀ ni orúkọ ogun náà ti wá. Ní àkókò ogun wọ̀nyẹn, àwọn ará Òkukù fi ilé sílẹ̀, wọ́n sá wá sí Ìkìrun. Ẹni tó ń sá fún ogun kò lè gbé ilé dání, kò lè gbé oko, ṣùgbọ́n oríkì kò wúwo. Bí ó bá dé agboolé àjèjì, òun ni yóò fi hàn pé òun kì í ṣe ọmọ àìnílé.

Ní àwọn ọdún 1970, Karin Barber, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, wá gbé ní Òkukù, ó jókòó ti àwọn obìnrin tó ń ki oríkì. Ìwé tó kọ lórí rẹ̀, *I Could Speak Until Tomorrow*, jáde ní 1991. Àwọn obìnrin ilé ni ìwé náà fi hàn gẹ́gẹ́ bí olùtọ́jú oríkì. Lẹ́sẹ̀ ìyá rẹ̀ àgbà ni Bàbá Kékeré náà ti kọ́ tirẹ̀.

Nígbà tó kú, aṣọ mẹ́tàdínlógún ló wà ní ṣọ́ọ̀bù tí àwọn olówó wọn kò tíì wá gbà. Èmi ni mo kó wọn kiri. Ìwé ìwọ̀n rẹ̀ ni mo fi ń wá àwọn ènìyàn náà: gígùn apá, fífẹ̀ àyà, àti lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ọ̀rọ̀ oríkì mẹ́ta tàbí mẹ́rin.

Ní Ìkìrun onílé obì, ìyá àgbà kan tó ń ta obì gba bùbá rẹ̀. Mo ka ohun tó wà nínú ìwé fún un. Ìyá dúró kí n máa bá a lọ, ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni ìwé parí sí. Inú Bàbá Kékeré ni ìyókù wà. Ìyá fúnra rẹ̀ ló kì í parí, ó sì fi bùbá nu ojú.

Ní Ìnísà, ọlọ́kadà kan kò gbowó ọkọ̀ lọ́wọ́ mi. Ó ní, “Bàbá yẹn nìkan ló ń pè mí ní Àjàgbé láti ìgbà tí ìyá mi ti kú.”

Ní Òkukù, níbi tí Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ní ọgbà kan sí, mo rí akẹ́kọ̀ọ́ kan tí wọ́n bí ní Èkó. Nígbà tó kọ́kọ́ wá ránṣọ, kò mọ oríkì rẹ̀. Bàbá Kékeré ní kó pe ìyá rẹ̀ àgbà lórí fóònù kí òun tó wọ̀n ọ́n. Wákàtí kan ni wọ́n fi sọ̀rọ̀. Ó sọ fún mi pé ìpè tó gùn jù láàárín àwọn méjèèjì nìyẹn, màmá náà sì kú kí ọdún tó parí.

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ọ̀pọ̀ ló ní ẹnu dídùn. Ohun tó yà Bàbá Kékeré sọ́tọ̀ ni pé ó ń béèrè, kì í sì í gbàgbé ohun tí a bá dá a lóhùn. Àwọn tó mọ oríkì wa ń lọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ pè wọ́n lọ́sẹ̀ yìí, kí ẹ mú bírò dání. Ìwé ìwọ̀n náà ṣì wà lọ́wọ́ mi. Ojú ìwé rẹ̀ tó ṣófo kò kéré.